Ẹ bá wa dá sí i: ipò igbákejì olórí ìjọba nínú orílẹ̀-èdè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dá sílẹ̀ lórí ìwé

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni mo ti ní kí wọ́n pawọ́ pọ̀ dá orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ lórí ìwé, kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kí wọ́n sì kọ òfin tí yóò máa darí rẹ̀, nítorí mo ti rí i pé ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin kì í tètè gbàgbé ohun tí òfin wà fún. Àkọ̀tun ni wọ́n sọ orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn ará ìlú ni yóò máa fi ìbò yan olórí ìjọba, pé ọdún mẹ́rin ni sáà kan yóò jẹ́, àti pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ṣoṣo ni yóò wà.

Orí igbákejì olórí ìjọba ni iṣẹ́ ti dúró. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ síbẹ̀: "Igbákejì olórí ìjọba yóò máa ran olórí ìjọba lọ́wọ́." Mo kọ ọ́ sójú pátákó, mo sì bi wọ́n bóyá ó tó. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ara olórí ìjọba kò bá yá, tí wọ́n gbé e lọ sí òkè òkun láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ta ni yóò fọwọ́ sí owó oṣù àwọn olùkọ́?" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Èmi náà dákẹ́, nítorí ìdáhùn tó wà lọ́kàn mi kò lè tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kù kí agogo lù.

Èrò tèmi ni pé igbákejì ni ẹni tí ìlú yàn nítorí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà fún, nítorí náà kò yẹ kí agbára rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn wà lọ́wọ́ ojúure ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí gba èrò mi gbọ́ lásán. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni mo fẹ́ gbé síwájú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ẹ bá mọ̀ dájú nípa bí wọ́n ṣe ń yan igbákejì, iṣẹ́ tó ń ṣe, bó ṣe ń gba ipò àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, ẹ bá mi kó o jọ síbí.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ohun tí ọmọ yẹn béèrè ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí lójú gbogbo wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2009 ni Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia. Ohun tí abala 145 ìwé òfin ọdún 1999 sọ nígbà náà ni pé bí ààrẹ bá kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ilé aṣòfin méjèèjì pé òun ń lọ sinmi, tàbí pé òun kò lè ṣe iṣẹ́ òun, igbákejì rẹ̀ yóò di adelé ààrẹ. Lẹ́tà yẹn kò dé. Goodluck Jonathan wà ní Abuja, ó ń darí ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan nínú òfin tó sọ ọ́ di adelé, nítorí pé orí lẹ́tà tí aláìsàn yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni òfin gbé gbogbo rẹ̀ lé. Ó di ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2010, ìyẹn ọjọ́ 78 lẹ́yìn tí ààrẹ ti lọ, kí àwọn aṣòfin tó fi ìpinnu sọ Jonathan di adelé ààrẹ, tí wọ́n ní ọ̀ràn náà ti di àìgbọdọ̀máṣe. Yar'Adua dágbére fáyé ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì búra fún Jonathan lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni àwọn aṣòfin fi tún abala 145 ṣe lẹ́yìn náà. Bí ààrẹ kò bá lè kọ lẹ́tà, tàbí tí ó kọ̀ láti kọ ọ́, tí ọjọ́ 21 sì kọjá, ilé aṣòfin méjèèjì lè fi ìbò tó lé ní ìdajì sọ igbákejì di adelé. Wọ́n ṣe irú àtúnṣe kan náà sí abala 190 fún àwọn gómìnà. Kí àwọn ọmọ yín fi èyí ṣe ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn bóyá kì í ṣe pé ọjọ́ 21 ti pọ̀ jù.

Kí wọ́n sì ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ń lọ fún ìtọ́jú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, lẹ́tà tó kọ sọ pé igbákejì òun, Yemi Osinbajo, ni yóò máa ṣe kòkáárí iṣẹ́ ìjọba. Ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀ ní ilé aṣòfin àgbà pé kí ni kòkáárí, kí ló dé tí lẹ́tà kò pe ọkùnrin náà ní adelé ààrẹ. Olórí ilé ló pẹ̀tù sí i, ó ní abala 145 tí lẹ́tà náà dárúkọ ni àwọn yóò wò. Nínú òfin Àkọ̀tun, ẹ kọ ọ́ kedere pé bí lẹ́tà bá ti dé, ọ̀rọ̀ yòówù tó wà nínú rẹ̀, adelé ni igbákejì, gbogbo agbára olórí ìjọba sì ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Mo kí olùkọ́, mo sì kí agbẹjọ́rò. Apá ibi tí mo mọ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́, nítorí ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì igbákejì gómìnà ní ìpínlẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Igbákejì mẹ́ta ni mo bá ṣiṣẹ́.

Ohun tí ìwé òfin wa kọ nípa iṣẹ́ igbákejì kò tó nǹkan. Abala 193 sọ pé gómìnà lè gbé iṣẹ́ ìjọba fún igbákejì rẹ̀ tàbí fún kọmíṣọ́nà bó bá ṣe wù ú, abala 148 sì sọ irú rẹ̀ fún ààrẹ. Igbákejì ààrẹ sàn díẹ̀, nítorí ìwé òfin fúnra rẹ̀ ló fi í ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ètò Ọrọ̀ Ajé Orílẹ̀-èdè tí àwọn gómìnà jókòó sí, ó sì jẹ́ igbákejì alága ní ìgbìmọ̀ ààbò. Ti ìpínlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí gómìnà bá fún igbákejì náà ló ní, bí ó bá sì gbà á padà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò sí ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún kan, òrùlé iyàrá tí a ń kó fáìlì sí ń jò. A kọ ìwé pé kí wọ́n wá tún un ṣe. Kò ju páànù mẹ́rìnlá àti pákó díẹ̀ lọ. Igbákejì kò ní orí ìnáwó tirẹ̀, nítorí náà fáìlì náà ní láti lọ sí ọ́fíìsì gómìnà fún ìfọwọ́sí. Oṣù karùn-ún ló tó padà. Láàárín ìgbà yẹn, abọ́ mẹ́fà ni a tò sí àárín àwọn kábínẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sì máa ń dà wọ́n nù láràárọ̀ kí n tó jókòó. Ọ̀gá wa máa ń wá wo àwọn abọ́ náà. Ẹni tí ìlú dìbò fún ni, ṣùgbọ́n kò lè ra páànù.

Igbákejì kejì tí mo bá ṣiṣẹ́ rí ojúure gómìnà, ó gba iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ó sì ń darí ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà ààlà ilẹ̀, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ igbákejì ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Obìnrin náà ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ẹrú tó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó máa ń wọ bàtà rọ́bà, á fẹsẹ̀ rìn dé ibi òkúta ààlà fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ọ̀gá mi àkọ́kọ́ kò ju inú dídùn gómìnà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n kọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún igbákejì lórúkọ, kí wọ́n sì ya owó ọ́fíìsì rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná. Kí wọ́n má ṣe kọ́ ààfin kejì fún un o. Iṣẹ́ tó níye àti owó tó ṣeé ṣírò ni mo ń sọ.

Ọmọ Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá láti Oǹdó, nítorí n kò mọ ìpínlẹ̀ kankan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀ràn gómìnà àti igbákejì ti dá wàhálà sílẹ̀ tó tiwa.

Ní ọdún 1979, Olóyè Michael Adekunle Ajasin di gómìnà Oǹdó àtijọ́, èyí tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀, Akin Omoboriowo sì ni igbákejì rẹ̀. Kí ìdìbò ọdún 1983 tó dé, igbákejì fi ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀, ó bọ́ sí NPN, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò. Nígbà tí wọ́n kéde pé Omoboriowo ló wọlé, ìlú gbiná. Wọ́n sun ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò náà padà fún Ajasin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí jù ni pé ìyá mi pọn omi kún àgbá méjì, ó gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bu nínú rẹ̀ mu, pé omi iná ni. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni omi náà fi wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2020, Agboola Ajayi, igbákejì Gómìnà Rotimi Akeredolu, fi ẹgbẹ́ APC sílẹ̀. Àwọn aṣòfin gbìyànjú láti yọ ọ́, wọn kò rí ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin béèrè, ó sì wà lórí ipò títí sáà rẹ̀ fi parí. Gómìnà àti igbákejì wà nínú ìjọba kan náà, wọn kò sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà.

Ti ọdún 2023 ló dùn mí jù. Akeredolu ṣàìsàn, ó lọ sí Jámánì ní oṣù Kẹfà, igbákejì rẹ̀ tuntun, Lucky Aiyedatiwa, sì di adelé gómìnà. Gómìnà padà ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló wà, kò sí ní Àkúrẹ́. Àárín ìgbà náà ni àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ igbákejì. Ẹ wo ibi tí ọ̀ràn ìpínlẹ̀ wà: ẹni tí òfin mọ̀ sí gómìnà kò lè dé ọ́fíìsì, ẹni tí ìlú yàn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ń sá kiri ilé ẹjọ́ nítorí ipò rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni agbára tó padà sọ́wọ́ Aiyedatiwa. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà gómìnà kú, wọ́n sì búra fún igbákejì lọ́jọ́ kan náà.

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ yín má ṣe ronú nípa òkè òkun nìkan. Olórí ìjọba lè wà nílé kí ó má lè ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ṣíṣe ni kí òfin wò, kí ó má ṣe wo ibi tí ẹni náà sùn.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Ọmọ Àkúrẹ́ fọwọ́ kan ojú egbò. Òfin wa ní ọ̀nà kan fún irú èyí, abala 144 fún ààrẹ àti 189 fún gómìnà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ọ̀gá àwọn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, lẹ́yìn náà ni dókítà márùn-ún yóò yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Ta ni àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ? Àwọn tí ọ̀gá náà fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ni, tí wọ́n mọ̀ pé bí ó bá lọ, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn náà. N kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n lo abala yìí dé òpin. Àbá mi ni pé ní Àkọ̀tun, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè ní kí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò láìdúró de àwọn mínísítà.

Ìyá Tólú, London

Níbi tí mo ń gbé yìí, kò sí òfin kankan tó ní kí olórí ìjọba ní igbákejì. Clement Attlee ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní orúkọ oyè náà, lábẹ́ Winston Churchill ní ọdún 1942. John Prescott lo ọdún mẹ́wàá gbáko lórí rẹ̀, láti 1997 dé 2007, àwọn olórí ìjọba mìíràn sì wà tí wọn kò yan ẹnikẹ́ni rárá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, tí àrùn Kòrónà gbé Boris Johnson dé iyàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le, kò sí igbákejì. Dominic Raab tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ni wọ́n ní kó máa bá a dúró. Mo rántí pé gbogbo wa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn oníròyìn sì ń bi ara wọn léèrè pé àṣẹ wo gan-an ni ọkùnrin náà lè pa.

Ìlú Ireland tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣe tiwọn dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé òfin wọn ti ọdún 1937 dárúkọ igbákejì, Tánaiste ni wọ́n ń pè é, ó sì sọ pé bí olórí ìjọba bá kú tàbí tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, òun ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi yan òmíràn. Gbólóhùn kúkúrú ni, kò sì fi ẹnikẹ́ni sínú òkùnkùn. Kí àwọn ọmọ wò ó.

Ará Kétu

Mo kí gbogbo yín láti orílẹ̀-èdè Benin. Nínú òfin wa ti ọdún 1990, kò sí igbákejì ààrẹ. Bí àyè bá ṣófo, olórí ilé aṣòfin ni yóò di í mú fún ìgbà díẹ̀ kí a tó tún dìbò. Àtúnṣe ọdún 2019 ló dá ipò náà sílẹ̀, ní ọdún 2021 ni a sì kọ́kọ́ dìbò fún ààrẹ àti igbákejì pa pọ̀, tí Mariam Chabi Talata wọlé pẹ̀lú Patrice Talon. Nísinsìnyí, bí ààrẹ bá kú, igbákejì ni yóò parí sáà rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni kí ẹ fi han àwọn ọmọ, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n pinnu pé àwọn kò tilẹ̀ nílò igbákejì.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo tẹ àwọn ọ̀rọ̀ yín sórí ìwé, mo sì pín in fún wọn lánàá. Abọ́ mẹ́fà tí akọ̀wé tò sábẹ́ òrùlé ni wọ́n ń sọ títí wọ́n fi jáde. Àwọn kan dá àbá Benin àtijọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní àwọn fẹ́ igbákejì tí ará ìlú ti mọ̀ kí wọ́n tó dìbò.

Ìyapa tó kù le díẹ̀. Apá kan ní kí olórí ìjọba lè lé igbákejì tó bá dalẹ̀ rẹ̀. Apá kejì ní rárá. Ẹ gbà wá.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Rárá ni mo wà. Nígbà tí Atiku Abubakar fi ẹgbẹ́ PDP sílẹ̀ ní ọdún 2006, Ààrẹ Olusegun Obasanjo kéde pé àyè igbákejì ti ṣófo. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní ọdún 2007 pé kò rí bẹ́ẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i: kì í ṣe ààrẹ ló gba igbákejì síṣẹ́, nítorí náà ààrẹ kò lè lé e. Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni kí ilé aṣòfin yọ ọ́.

Ọ̀nà yẹn gùn lórí ìwé. Ní ìpínlẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ni yóò fọwọ́ sí ẹ̀sùn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò ní kí a wádìí rẹ̀, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yóò yan ènìyàn méje, àwọn wọ̀nyí sì ní oṣù mẹ́ta láti ṣe ìwádìí. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ibi tí ọ̀nà náà ti gbẹgẹ́ ni pé ohun tí ìwà àìtọ́ ńlá jẹ́, ojú tí ilé aṣòfin bá fi wò ó ni. Ní Enugu ní ọdún 2014, adìyẹ tí igbákejì gómìnà, Sunday Onyebuchi, ń sìn nínú ọgbà ilé ìjọba wà lára ohun tí wọ́n fi yọ ọ́ nípò. Ilé ẹjọ́ pa ìyọnípò náà rẹ́ lẹ́yìn náà. Kí àwọn ọmọ kọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: owó jíjí, ìwé òfin rírú, títa ìlú fún ọ̀tá.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Agbẹjọ́rò, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà pátápátá. Ìwé ìdìbò kan ṣoṣo ni ará ìlú tẹ̀ka fún gómìnà àti igbákejì, abala 187 ló so wọ́n pọ̀. Bí igbákejì bá gbé ara rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ tí ìlú kò dìbò fún, ó yẹ kí ó fi ipò sílẹ̀. Aṣòfin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pín sí méjì, abala 109 ní kí ó pàdánù ìjókòó rẹ̀. Kí ló dé tí igbákejì yóò fi ṣe é láìjìyà?

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Ìbéèrè tó tọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 2022, Rauf Olaniyan fi ẹgbẹ́ gómìnà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ ní oṣù Keje. Ní Zamfara, gómìnà ló kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé àwọn méjèèjì wọlé ní ọdún 2021, igbákejì rẹ̀ Mahdi Aliyu Gusau dúró síbẹ̀, igbákejì náà ni wọ́n tún yọ ní ọdún 2022. Ẹni tó lọ jìyà, ẹni tó dúró náà jìyà. Bí ẹ bá fẹ́ òfin lórí yíyí ẹgbẹ́ padà, kí ó mú olórí pẹ̀lú, tàbí kí ó má sí rárá.

Ẹ tún rántí Malawi. Wọ́n lé Joyce Banda kúrò nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní ọdún 2010, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ igbákejì ààrẹ nítorí òfin kò gba Ààrẹ Bingu wa Mutharika láyè láti lé e kúrò nípò. Mutharika kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2012. Àwọn kan nínú ìjọba wá ọ̀nà láti fo obìnrin náà dá. Ìwé òfin kò yí padà fún wọn, wọ́n sì búra fún un ní ọjọ́ 7. Ká ní ọ̀gá rẹ̀ lè lé e ní ọdún 2010 ni, ta ni ìbá wà níbẹ̀?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Kí ó mú àwọn méjèèjì. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Lọ́kọ́ja

Ẹ má gbàgbé àárín ìdìbò sí ìbúra. Abala 181 sọ pé bí ẹni tí wọ́n ti dìbò yàn sípò gómìnà bá kú kí ó tó búra, ẹni tó bá a du ipò igbákejì ni wọn yóò búra fún. Ní Kogi ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, Abubakar Audu ló ń ṣíwájú nínú ìbò nígbà tí ikú mú un lọ, INEC kò sì tíì kéde ẹnikẹ́ni. James Faleke tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ìdíje ní ipò tọ́ sí òun. Ẹgbẹ́ wọn fi Yahaya Bello, tó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé, rọ́pò olóògbé, ilé ẹjọ́ sì dá Bello láre títí dé òkè ní ọdún 2016. Àlàfo wákàtí díẹ̀ ló yí ìjọba ìpínlẹ̀ kan padà. Kí òfin Àkọ̀tun sọ ọjọ́ gan-an tí igbákejì di igbákejì. Èmi ní kí ó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Mọ́gàjí Ọjà'ba

Olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní nǹkan yìí. Ní Ìbàdàn níbí, àtẹ̀gùn oyè méjì ló lọ sí ipò Olúbàdàn, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, àwọn méjèèjì sì máa ń gbà á ní ìdákọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kàn kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọbìnrin ọba tó wàjà ni wọ́n máa ń fi ṣe adelé títí ọba tuntun yóò fi jẹ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ẹni tó ń de ilé, tí kò jẹ́ kí ilé dahoro. Nígbà tó bá wà níbẹ̀, wọ́n á kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọba, kò sí ẹni tí yóò ní ìdajì ọba ni.

Adelé olórí ìjọba náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdajì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, tí àwọn òṣìṣẹ́ DSS, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, di ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin ní Abuja, Osinbajo ni adelé ààrẹ, ó sì yọ olórí àjọ náà níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí òfin bá ti sọ pé kí adelé má fọwọ́ kan ìyànsípò ni, ìlú ìbá ti dúró de tẹlifóònù láti òkè òkun.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ohun tí wọ́n kọ ní òwúrọ̀ yìí nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà nínú ìwé wọn:

"Orúkọ olórí ìjọba àti ti igbákejì rẹ̀ ni yóò jọ wà lórí ìwé ìdìbò kan, láti ọjọ́ tí a bá ti gba orúkọ wọn ni ẹnìkejì sì ti lè rọ́pò ẹni àkọ́kọ́. Igbákejì ni yóò máa darí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ ààlà, owó ọ́fíìsì rẹ̀ yóò sì dá dúró nínú ètò ìṣúná. Bí olórí ìjọba kò bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà wà nílé tàbí lẹ́yìn odi, igbákejì yóò di adelé pẹ̀lú gbogbo agbára ipò náà, yálà lẹ́tà dé tàbí kò dé. Olórí ìjọba kò lè lé igbákejì. Nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ tí a fi yàn án sílẹ̀ ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú."

Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló kọ gbólóhùn kẹta. Ó kọ́kọ́ kọ "yóò máa bá a fọwọ́ sí owó oṣù," ó wò ó títí, ó fi rúlà fa ìlà sí i lórí, ó wá kọ "gbogbo agbára ipò náà" sókè rẹ̀.

Iye ọjọ́ tí a ó dúró kí igbákejì tó di adelé ni kò tíì yanjú. Ọjọ́ méje ni ọmọ yìí ń fẹ́, pé owó oṣù kì í dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ebi tó wọlé. Àwọn tó kù ní mẹ́rìnlá, kí wọ́n má bàa gba ipò lọ́wọ́ ẹni tí ibà lásán gbé dè. Ọjọ́rú ni wọn yóò dìbò lé e lórí.